Èsì: Ṣé òfin wà lẹ́yìn «Grand Cru» lára ìgò bíà?

Ẹ béèrè bóyá òfin kan ló ń dáàbò bo «Grand Cru», oyè Faransé fún ọtí tó ga jù lọ, tí wọ́n kọ sára ìgò bíà. Ní ti wáìnì Burgundy nílẹ̀ Faransé, òfin ló ya àwọn oko àjàrà tó lè jẹ oyè náà sọ́tọ̀. Ní ti bíà, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù apọntí ló ń fi í lé èyí tó bá wù ú. Ilé ìpọntí Rodenbach ti Bẹ́ljíọ̀mù ń lò ó fún àdàlù tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ bíà tó ti pẹ́ nínú àgbá igi, ìyẹn sì tọ́ lójú tèmi. «Trappist», orúkọ ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì kan, yàtọ̀ ní tirẹ̀: àmì onígun mẹ́fà rẹ̀ ń jẹ́rìí pé inú ọgbà àwọn mọ́ńkì tàbí ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n ti pọn ọtí náà, lábẹ́ àbójútó wọn.