Ògiri ilé wa pupa, fọ́tò ní eérú ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. A ti wó ilé bàbá wa àgbà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, fọ́tò mẹ́ta péré ló kù. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé pupa ni ògiri ilé náà, wọ́n ní irọ́ ni, pé àwọ̀ eérú làwọn rí. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀ ti ń sọ pé bóyá eérú náà ni. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Bí ojú bá ti wo fọ́tò kan pẹ́, fọ́tò yẹn ló máa ń rántí, ilé fúnra rẹ̀ á sì máa sá lọ. Fíìmù dúdú-òun-funfun kò mọ pupa. Ibi tó tàn àti ibi tó ṣókùnkùn nìkan ló ń gbà sílẹ̀. Ògiri amọ̀ pupa kò ṣe ní jọ eérú?

Ìlú yín gan-an ni àpẹẹrẹ rẹ̀ wà. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn lọ sí ìpàtẹ ní Wembley ní London, British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, sì gbà á. Àga ọba ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Òpó kan, tí ọba jókòó, tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Nínú fọ́tò rẹ̀ tí a máa ń rí, òpó dá dúró gedegbe, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á pè é ní ère. Bẹ́ẹ̀, ilé ló dúró sí, wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Fọ́tò ti yọ ààfin kúrò lára òpó.

Nítorí náà, ẹ má tètè fi fọ́tò han ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀: ta ló sùn níyàrá wo, níbo ni wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́, ibo ni òjò ti máa ń jò. Ẹ gbà á sórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé fọ́tò jáde. Màmá kan tí mo bá ṣe irú iṣẹ́ yìí wo fọ́tò títí, ó wá fi ìka lé orí tábìlì, níta fọ́tò pátápátá, ó ní, "Ibí ni ààrò wà." Gbogbo ẹni tó wà níjókòó ló wo tábìlì.

Ní ti fọ́tò gan-an, ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe bírò. Ẹ má lẹ sẹ́lótéépù mọ́ ọn, ẹ má sì fi omi nù ún. Ẹ yà á pẹ̀lú fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìtan iná, tojú tẹ̀yìn.

Ṣé wọ́n ti kó àlàpà náà dànù tán? Bí èérún ògiri kan bá kù, ẹ mú un kó má bọ́, ẹ fi sínú agolo, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i. Ẹ má kàn fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú fọ́tò o. Iyẹ̀pẹ̀ á ha á.