Má ra bakitéríà, wọ́n ti wà nínú omi rẹ

Àbúrò mi, o ní o bu omi òkun sínú ìgò, o da epo rọ̀bì sí i, o dé e pinpin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, epo ò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. O wá ń béèrè bóyá kí o ra bakitéríà tó ń jẹ epo kí o dà á sí i. Má rà á. Mo ti rà á rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn onílé fi borí àwọn àlejò tí mo dà sí i, n kò sì rí ipa wọn mọ́ nígbà tí mo yẹ DNA wò.

Àwọn tó ń jẹ epo ti wà nínú omi rẹ kí epo tó débẹ̀. Nínú òkun tó mọ́, wọ́n kéré débi pé o lè wá wọn tì. Ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ ya èmi náà lẹ́nu: àwọn bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, irú bíi Prochlorococcus, máa ń pèsè díẹ̀ lára irú èròjà tó wà nínú epo. Ìyẹn ni wọ́n ń lá títí ọjọ́ tí epo fi máa dà. Bó bá ti dà, Alcanivorax, ọ̀kan lára àwọn ajẹpo yìí, á pọ̀ bí eṣú. Ó máa ń tú ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ jáde, tí yóò fi fọ́ epo sí wẹ́wẹ́.

Tìrẹ kò ṣiṣẹ́ nítorí pé kábọ̀n nìkan ló pọ̀ nínú epo. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó nǹkan níbẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú òkun sábà máa ń ní átọ́mù kábọ̀n 106 sí náítírójìn 16 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1 nínú ara wọn. Ilé tí bíríkì kún ilẹ̀ tí kò sí sìmẹ́ǹtì ni ìgò rẹ. Èkejì ni ìdérí tó o dé pinpin yẹn: ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sí etíkun Alaska ní 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n wọ́n sí ọ̀pọ̀ ibi létíkun náà, ó sì ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n epo tó rì sábẹ́ òkúta níbi tí ọ́síjìn kò dé ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Àṣìṣe tèmi tó burú jù lọ nìyí. Mo rí i pé Pelagibacter, bakitéríà tó máa ń pọ̀ nínú omi tó mọ́, já láti ìpín 30 nínú 100 sí ìpín 3. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé epo ti pa á. Ọ̀gá mi kà á, ó ní, "Ṣé o ka iye bakitéríà inú omi náà?" N kò kà á. Nígbà tí mo kà á, gbogbo wọn lápapọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìpín 3 nínú 100 lára ohun tó ti di ìlọ́po mẹ́wàá kò yàtọ̀ sí ìpín 30 nínú 100 ti tẹ́lẹ̀! Ẹnikẹ́ni kò kú. Àwọn ajẹpo ló pọ̀ jù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ irọ́ sínú ìwé.

Ìyẹn ò tíì tán. N kò ní ìgò kankan tí mo ti pa bakitéríà inú rẹ̀, nítorí náà epo tó fò lọ sínú afẹ́fẹ́, bakitéríà ni mo kà á sí lọ́rùn. Fi epo tó kù wé hopane, èròjà kan tó wà nínú epo fúnra rẹ̀, torí àwọn bakitéríà kì í sábà fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tó pé ọgbọ̀n nìkan sì ni mo ṣí ìgò wò, ni mo bá pàdánù gbogbo eré náà. Lẹ́yìn tí Deepwater Horizon, ibùdó ìwa epo lórí òkun, bú gbàmù ní oṣù kẹrin 2010, tí epo ń tú jáde fún ọjọ́ 87 láti ìsàlẹ̀ òkun tó jìn tó nǹkan bí 1,500 mítà, ẹgbẹ́ bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Oceanospirillales ló kọ́kọ́ gba inú omi ìsàlẹ̀ náà kan. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, Colwellia àti Cycloclasticus ti gba ipò wọn, nítorí ohun tó rọrùn láti jẹ ti ń tán. Ẹni tó dé lẹ́yìn á rò pé àwọn yẹn ló ti ń jẹ epo látilẹ̀.

Nítorí náà, tún un ṣe: ìgò mẹ́ta tó ní ajílẹ̀, mẹ́ta tí kò ní, mẹ́ta tí o ti pa bakitéríà inú wọn. Fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, máa mì wọ́n, kí o sì ka bakitéríà kí o tó yẹ DNA wò. Mú omi ní ọjọ́ kìíní, ìkẹta, ìkeje, ìkẹrìnlá. Tó o bá ti rí ti ọjọ́ kẹta, gbé e wá síbí, mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé.