Ìmọ́lẹ̀ tí ò gba inú omi kọjá ni kó o kọ́kọ́ ṣírò

Àbúrò, o ní simulation ẹ (àfarawé tó o ṣe lórí kọ̀ǹpútà) ń sọ pé chip PDMS tó o ṣe (pẹlẹbẹ rọ́bà tó mọ́ gaara, tí ojú ọ̀nà omi tín-ín-rín wà nínú ẹ̀) á rí aró inú omi tí àwọn aláró ń dà nù, àmọ́ tó o bá gbé e sórí tábìlì, photodiode, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín omi aró àti omi lásán, ìgbà míì gan-an absorbance (òǹkà bí ìmọ́lẹ̀ tó dín ṣe pọ̀ tó) á tún lọ sísàlẹ̀ òdo. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ṣe irú ẹ̀, omi aró Ìtòkú náà ni mo lò, ojú mi rí nǹkan, jẹ́ n sọ fún ẹ.

Gbé FDTD, ìṣirò tó ń gé àyè sí wẹ́wẹ́ kó lè tọpa ìgbì ìmọ́lẹ̀, tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ojú ọ̀nà omi ẹ tó 100 micrometre, ìmọ́lẹ̀ tó ò ń lò wà ní bíi 600 nanometre, tó o bá fẹ́ gé ibẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju bíi 40 nanometre lọ, ìyẹn jẹ́ 2,500 ní ìbú nìkan, tó o bá wá ka òró àti gígùn mọ́ ọn ó ti lé ní bílíọ̀nù 15, láptọ́ọ̀pù wo ló fẹ́ gbé e? Ray tracing, tó kàn ń tọpa ìtànṣán kọ̀ọ̀kan, ti tó. Meep, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe FDTD, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dáa gan-an, àmọ́ fi pamọ́ de ìgbà tó o bá ń ṣe ohun kéékèèké bíi ring resonator tàbí grating.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Refractive index (òǹkà bí nǹkan ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù tó) ti omi jẹ́ 1.33, ti PDMS jẹ́ bíi 1.41. Ìmọ́lẹ̀ kì í há sínú ohun tí tiẹ̀ bá kéré ju ti ohun tó yí i ká lọ, torí náà omi inú chip ẹ ò lè di ìmọ́lẹ̀ mú bíi ti fáìbà, ńṣe ló ń jò wọ PDMS, PDMS á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ photodiode láìfojú kan aró rárá. Nínú simulation ẹ, o to ìtànṣán LED ní tààrà, gbogbo ẹ̀ ló gba àárín omi, LED gidi ò mọ ìyẹn, káàkiri ló ń tàn sí. Tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ tó dé photodiode bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, kódà kó o da íńkì sínú chip, absorbance ò ní kọjá 1 láéláé.

Íńkì yẹn gan-an ni kó o lò. Kí n tó gba simulation kankan gbọ́, màá fi íńkì dúdú tó ki kún ojú ọ̀nà omi, nǹkan kan ò yẹ kó kọjá mọ́. Iye tí photodiode bá ṣì ń mú wá, lẹ́yìn tó o bá ti yọ èyí tó máa ń mú wá nígbà tí LED wà ní pípa, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Nínú chip tèmi, ó lé ní ìdajì. Mo wá po lẹ́búlẹ́bú carbon mọ́ PDMS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo fi tépù dúdú bo iwájú LED, mo dá ojú kékeré sí i tí ò fẹ̀ tó ojú ọ̀nà omi, ìgbà yẹn ni ìṣirò àti òǹkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Ti absorbance tó ń lọ sísàlẹ̀ òdo, o ní chip tó ṣófo lo fi ṣe blank (òǹkà àkọ́kọ́ tó o fi ń ṣe ìfiwéra), òun náà nìyẹn. Aró tó ń fún ẹ ní absorbance 1 nínú cuvette (ife kékeré tí wọ́n ń wọn omi nínú ẹ̀) 1 centimetre, 0.01 ló máa fún ẹ nínú 100 micrometre, ìyẹn ni pé nínú ìmọ́lẹ̀ 100, bíi 2.3 péré ló dín. Bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ló bá wà níbẹ̀, ògiri kọ̀ọ̀kan ń dá bíi 2.9 nínú 100 padà, ògiri sì jẹ́ méjì, tí omi bá wọbẹ̀ ohun tí ògiri kọ̀ọ̀kan ń dá padà ò pé 0.1. Omi tó wọlé lásán ti fi bíi 6 kún ìmọ́lẹ̀, ó ti bo ohun tí aró mú kúrò mọ́lẹ̀. Omi lásán ni kó o fi ṣe blank, nínú chip yẹn kan náà, láìṣí i nípò.

Aró fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Èyí ló ká mi lára jù torí ó pẹ́ kí n tó ráyè rí ẹni tá a jọ máa sọ ọ́. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró, èyí tó bá sì ti di aró ò yòrò nínú omi mọ́, ègé kéékèèké ni, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, òfin Beer-Lambert tó o fi sínú simulation ò sì mọ ju kí nǹkan gbé ìmọ́lẹ̀ mì lọ. Gbé LED 850 nanometre sí i, aró ẹlú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìyẹn mì, tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì ń dín, fífọ́n ká ni. Tó o bá sẹ́ omi náà lásán, aró gan-an lo sẹ́ dà nù yẹn. Hydrosulphite àti sódà táwọn aláró ń lò ni mo fi dá a padà sí èyí tó ń yòrò, lẹ́yìn náà ni mo wá sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, mo sì fi LED tó wà ní bíi 400 nanometre wò ó. Tètè wọ̀n ọ́n o, PDMS ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kò ní pẹ́ tó fi máa padà di aró nínú chip.

Tó o bá ti ṣe ti íńkì yẹn, gbé iye tó o rí wá, kó o ya àwòrán bó o ṣe to LED àti photodiode mọ́ ọn, màá bá ẹ wò ó.