Báwo ni Bangkok ṣe jìnnà sí Tokyo tó, wákàtí mélòó sì ni bàálù ń lò?

Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 4,600. Bí bàálù kò bá dúró lọ́nà, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ló máa ń gbà láti Bangkok dé Tokyo. Àmọ́ ẹ má fi àlọ díwọ̀n àbọ̀ o: láti Tokyo padà, ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ó ń ti bàálù lẹ́yìn ní àlọ, ó sì ń dojú kọ ọ́ ní àbọ̀. Ìgbà òtútù ló máa ń le jù.

Aago Tokyo fi wákàtí méjì ṣíwájú. Ẹni tó bá gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́, nǹkan bí aago méje àárọ̀ ló máa balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún wo pápákọ̀ òfurufú tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa. Haneda wà nínú Tokyo gan-an. Narita tó nǹkan bíi kìlómítà 60 sí àárín ìlú, owó ọkọ̀ ojú irin sì lè gbé ẹ̀dínwó tí ẹ rò pé ẹ rí mì. Haneda lèmi á mú, pàápàá bó bá jẹ́ alẹ́ ni bàálù máa balẹ̀.