Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa "fọ́": kí ló rí nínú ìwé náà?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Manchester ni mò ń gbé, ọmọ Hong Kong sì ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. A ti san àsansílẹ̀ owó gbọ̀ngàn fún Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2026. Ìyá rẹ̀ ṣí ìwé pupa kan, ó ní ọjọ́ náà "fọ́", ó sì ń bá ọmọ òun jà. A ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ńkọ́? Ó tún ní rárá, àfi ọjọ́ 31. Oṣù Kẹfà 1993 ni wọ́n bí àfẹ́sọ́nà mi, oṣù Kọkànlá 1996 ni wọ́n bí èmi. Wọ́n tún ń béèrè wákàtí tí wọ́n bí mi àti ọdún tí wọ́n bí àwọn òbí mi. Ṣé kì í ṣe pé màmá yìí ò fẹ́ mi ni? Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì fẹ́ lọ bọ ohun tí mi ò mọ̀.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ èdè Cantonese ni mò ń ṣe, àárín irú ẹbí méjì báyìí ni mo sì máa ń jókòó sí jù. Kí n tó dá ọ lóhùn, mo mú bírò, mo ṣírò àwọn ọjọ́ tí o kọ síbẹ̀. Ìyá yìí kò parọ́, kò sì bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìṣirò náà, ibì kan náà ni yóò já sí.

Tung Shing ni wọ́n ń pe ìwé pupa náà ní Hong Kong. Ìwé tó kárí ohun gbogbo ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pe "ìwé" ní Cantonese náà ni wọ́n ṣe ń pe "pípàdánù", ni wọ́n bá yí i sí "shing", ìṣẹ́gun. Ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ṣí i, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Àmì méjì ni kó o kọ́kọ́ wá: 宜, ohun tó yẹ lọ́jọ́ náà, àti 忌, ohun tí kò yẹ. Lábẹ́ wọn ni wàá ti rí 嫁娶, ìgbéyàwó, 安床, títo bẹ́ẹ̀dì, 動土, gbígbẹ́ ilẹ̀, 安葬, ìsìnkú, títí dórí irun gígẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìwé á ní ohunkóhun kò yẹ.

Kò sí ẹni tó ń wo ojú ìwé yẹn láti mọ̀ bóyá ìgbéyàwó rẹ á pẹ́. Ọjọ́ wo ló bá iṣẹ́ wo mu, ìyẹn nìkan ló ń sọ.

Wo bí ìṣirò náà ṣe lọ. Ẹranko 12 ni wọ́n tò yí ká bí nọ́ńbà ojú agogo: eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, dírágónì, ejò, ẹṣin, àgùntàn, ọ̀bọ, àkùkọ, ajá, ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé ọdún ní ẹranko tirẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé oṣù náà ní tirẹ̀, ọjọ́ ní tirẹ̀, wákàtí pẹ̀lú. Àwọn tó bá dojú kọ ara wọn, bí 12 ṣe dojú kọ 6 lójú agogo, ni wọ́n ní wọ́n ń bá ara wọn jà. Eku àti ẹṣin nìyẹn, ehoro àti àkùkọ, ẹkùn àti ọ̀bọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù tí wọ́n ń lò fún èyí kì í ṣe oṣù òṣùpá. Ìrìn oòrùn lọ́dún ni wọ́n pín sí ọ̀nà 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ọjọ́ 15, méjì méjì ló sì ń di oṣù. Láti nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án títí di nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, oṣù àkùkọ ni. Ọjọ́ àkùkọ nínú oṣù àkùkọ ni wọ́n ń pè ní 建, Ìdásílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ka orúkọ 12 lọ: Ìmúkúrò, Ìkún, Ìdọ́gba, Ìfìdímúlẹ̀, Ìdìmú, Fífọ́, Ewu, Àṣeyọrí, Ìkórè, Ṣíṣí, Títì. Ìkeje ni 破, Fífọ́, ìkeje yẹn gan-an ló sì dojú kọ oṣù. Ọjọ́ ehoro ni ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2026. Ehoro dojú kọ àkùkọ, ọjọ́ náà fọ́ nìyẹn. Ọdún 1993 tí wọ́n bí àfẹ́sọ́nà rẹ, ọdún àkùkọ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo kọlu oṣù, ó tún kọlu ọkọ ìyàwó. Ìyá wo ló máa rí i tí kò ní figbe ta? Ilé àtijọ́ ni wọ́n máa ń fi ọjọ́ Fífọ́ wó. Wọn kì í fi gbé ìyàwó.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ńkọ́? Ó dùn mí díẹ̀, torí òun ni ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ìyípo ọjọ́ 60 tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ láti ayébáyé. Ọjọ́ eku ni. Ṣùgbọ́n ọdún ẹṣin ni 2026, eku sì dojú kọ ẹṣin. Ọjọ́ náà di èyí tó ń fọ́ ọdún, 歲破, tí àwọn olùyan ọjọ́ ń sá fún bí ẹni ń sá fún iná. Wá wo ọjọ́ 11 oṣù yẹn kan náà. Sọ́ńdè ni, Àṣeyọrí lorúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn á sáré mú un. Kò dárúkọ rẹ̀ fún yín, mo sì mọ ìdí: ọjọ́ ẹṣin ni, ìwọ tí wọ́n bí ní 1996 sì ni eku. Àbúrò mi, ìwọ ni ìyá yìí ń ṣọ́. Ẹni tí kò fẹ́ ìyàwó kì í wá ọjọ́ tí kò ní bá ìyàwó jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù bí o ṣe rò lọ. Ní 1975, ní Shuihudi ní ìpínlẹ̀ Hubei ní Ṣáínà, àwọn awalẹ̀pìtàn kan sàréè òṣìṣẹ́ ìjọba Qin àtijọ́ kan tó kú ní 217 ṣáájú ìbí Kristi. Òkìtì oparun pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀. Òfin tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ 12 tí mo kà yìí sì wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ọ̀kan tí wọ́n fi igi tẹ̀ fún ọdún 877, tó ti Dunhuang wá, wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti wákàtí ìbí rẹ, ìyẹn yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí ìbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, òun ni wọ́n ń pè ní 八字. Láyé àtijọ́, wọ́n á kọ ti ìyàwó sórí ìwé pupa, wọ́n á gbé e síwájú ojúbọ àwọn baba ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí àwo ò bá fọ́, tí ìjà ò sì ṣẹlẹ̀ nínú ilé, a jẹ́ pé àwọn baba ńlá ti gbà. Lóde òní, olùyan ọjọ́ ló sábà máa ń nílò rẹ̀, kí ó lè ríi pé ọjọ́ náà gbà ọ́. Bí màmá rẹ ò bá rántí ìṣẹ́jú, kò léwu, torí wákàtí wọn kan jẹ́ wákàtí méjì tiwa. "Ìdájí ni, àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ" ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn òbí rẹ náà kò jìnnà sí ìyẹn. Ẹni tí ọjọ́ bá ń bá jà, wọ́n á ní kí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé, wọn ò sì fẹ́ kó jẹ́ bàbá tàbí ìyá tó bí ọ ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ó wá ku ti ìgbàgbọ́ rẹ, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Kò sí ìrúbọ nínú wíwo ìwé ọjọ́. Tíì tí wàá kúnlẹ̀ gbé fún bàbá àti ìyá ọkọ, ìkúnlẹ̀ kí àna ni, o ti mọ ìyẹn láti ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni tẹ́ńpìlì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jọ lọ sí ti Wong Tai Sin ní Kowloon, wàá rí àwọn èèyàn lórí ìkúnlẹ̀, tùràrí lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń mi agolo oparun tí igi 100 tó ní nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ títí ọ̀kan á fi jábọ́. Nọ́ńbà yẹn ní ewì tirẹ̀, àwọn onítumọ̀ sì ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ní àwọn tẹ́ńpìlì mìíràn, wọ́n á da igi méjì tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbùngbùn, tí inú rẹ̀ tẹ́jú. Bí ọ̀kan bá ṣí tí èkejì dé, òrìṣà ti gbà. Ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń da obì nílé wa máa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè lọ́wọ́ òrìṣà nìyẹn. Ibẹ̀ lo ti lè sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè bá yín dé ibí yìí." Àwọn tí mo ti bá túmọ̀ irú gbólóhùn yẹn kò bínú sí i, bí ìyàwó bá ti gba ti ọjọ́.

Ìwọ kọ́ ni onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ tó dé ojú ọ̀nà yìí. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Johann Adam Schall von Bell, ará Jámánì, ni olú ọba fi ṣe olórí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ọjọ́ ní Beijing ní 1644, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a jiyàn bóyá ó yẹ. Ní 1664, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ṣáínà kan, Yang Guangxian, fẹ̀sùn kàn án, ara ẹ̀sùn náà sì ni pé iléeṣẹ́ rẹ̀ yan ọjọ́ burúkú fún ìsìnkú ọmọ jòjòló olú ọba. Wọ́n dájọ́ ikú fún Schall. Ilẹ̀ mì tìtì, ẹ̀rù ba àwọn adájọ́, wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pa márùn-ún nínú àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ lásán ni, ẹ̀mí lọ sí i.

Àwọn tó takò ó látinú ilé wà pẹ̀lú. Ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ṣáínà kan, Wang Chong, mú ìwé kan tó ní bí èèyàn bá fọ irun lọ́jọ́ eku, aráyé á fẹ́ràn rẹ̀, bó bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ehoro, irun á funfun. Ó ní kí ọmọbìnrin ọdún 15 lọ fọ irun rẹ̀ lọ́jọ́ ehoro, ká wò ó bóyá á hewú. Èmi fúnra mi ò gbà pé ọjọ́ ló ń mú ìgbéyàwó dúró, mo sì máa ń fi ọ̀wọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọjọ́ 31. Ọjọ́ ẹkùn ni, Ìfìdímúlẹ̀ lorúkọ rẹ̀, kò kọlu ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún pásítọ̀ rẹ ní Manchester pé ọjọ́ Halloween lẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, mo mọ ohun tó máa sọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àwa náà ń yan ọjọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ, má fi pamọ́: ní ilé tèmi, ọjọ́ 31 kò yẹ. Á tètè yé e, torí èdè tirẹ̀ lo sọ yẹn.

Kó o wá fi ọjọ́ 25 lọ̀ ọ́. Sọ́ńdè ni, ọjọ́ ọ̀bọ, Ṣíṣí lorúkọ rẹ̀. Kò kọlu àkùkọ, kò kọlu eku. Kódà, ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí kì í yara wọn ni eku, dírágónì àti ọ̀bọ. Mo ní kó o fi lọ̀ ọ́ ni o, mi ò ní kó o lọ sanwó, torí ohun mìíràn ṣì pọ̀ nínú ìwé náà tó yẹ kí olùyan ọjọ́ wò. Bí wọ́n bá gbà, béèrè bóyá wákàtí dírágónì, agogo 7 sí 9 àárọ̀, máa ṣe é fún ìgbà tí wàá wọ ilé wọn. Òun ló máa pé àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn, ẹnìkejì àkùkọ sì tún ni dírágónì.

Pe àwọn onígbọ̀ngàn lónìí, kó o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún ọjọ́ yín síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀, bi ìyá náà léèrè ohun tí ọjọ́ rere wà fún gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí tí mo ti bá ṣiṣẹ́, wíwọlé ìyàwó àti tíì ni. Àpèjẹ ọ̀rẹ́ lè dá dúró lọ́jọ́ mìíràn. Má ṣe fi ìdána sí ọjọ́ Fífọ́ yẹn o, torí ìdána náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé, 納采. Ẹni tó bá sì sọ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọjọ́ burúkú ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá san iye kan òun á fi oògùn tún un ṣe, ẹ má dá a lóhùn. Olùyan ọjọ́ gidi á kàn wá ọjọ́ mìíràn fún yín.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ 25 lẹ mú, òru Sátidé tó máa mọ́jú ọjọ́ yẹn ni agogo ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Ìlú Ọba. Tètè sọ fún ẹni tó máa wé gèlè fún ọ, kó o sì bi ìyá ọkọ rẹ bóyá agogo tuntun ni wọ́n máa fi ka wákàtí dírágónì.