Ẹ fi ọ̀bọ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ igún

Ẹ ní ẹgbẹ́ yín ní Yaba fẹ́ kówó jọ fún ẹranko ìgbẹ́: àwọn kan ní kí ẹ lo àwòrán ọ̀bọ torí tọmọdé tàgbà ló fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan ní igún lewu wà lórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú ọmọ ilé ìwé lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹranko ní Lẹ́kkí, mo sì ti tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ fi ọ̀bọ pe àwọn tó máa dáwó. Òun àti afárá orí igi onímítà 401 yẹn lèrò ń tìtorí wọn wá sí Lẹ́kkí. Àbàtà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà rẹ́ni wò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba omi òjò dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo ibi tí ọ̀bọ ń gbé lowó náà wà fún. Ilé iṣẹ́ kan fún wa lówó rí. Nígbà tí ojú omi dí, tí a ní ká fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kó pàǹtí kúrò, wọ́n ní ọ̀bọ làwọn fowó sí, kì í ṣe gọ́tà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní ti igún, ẹ má fi ẹwà polówó rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ Íńdíà ni mo máa ń sọ fún àwọn alápatà. Diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù níbẹ̀, ló ń pa igún tó bá jẹ òkú rẹ̀. Igún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òkú ẹran ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi sì tẹ̀ lé e. Ọdún 2006 ni ìjọba wọn tó fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn. Kíá ni alápatà máa ń lóye èyí.

Ọ̀dọ̀ tiwa, fífi orí igún ṣe oògùn ìbílẹ̀ wà lára ohun tó ń pa á, ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan. Láti 2015 ni wọ́n ti ka irú tiwa mọ́ àwọn tó fẹ́ pòórá pátápátá. Ẹ má pe àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní ọ̀tá o! Mo bẹ̀rẹ̀ òwe “A kì í pa igún” lọ́jà Mushin, màmá kan ló bá mi parí rẹ̀: “a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí.” Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè ewé tó lè ṣe iṣẹ́ orí igún.