“Ọba kì í pa ọ̀kọrin”: ta ni òwe yìí gbè nínú ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ àti òǹkàwé rẹ̀?

Ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú mi nìyí. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan ya gómìnà kan tó gun àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lẹ́yìn bí ẹni gun ẹṣin. Gómìnà náà a máa tiro, ayàwòrán sì ya ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú gan-an ju èkejì lọ. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun náà mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì kò jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ títiro ló jẹ owó náà. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ fún olóòtú kí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò. Ayàwòrán dá a lóhùn láìgbé ohùn sókè: “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ọba kì í pa ọ̀kọrin.” Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí òwe náà túmọ̀ sí gan-an, àti ẹni tí àṣà gbè lẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì.

Ààfin ni òwe yìí ti wá. Onírárà àti onílù a máa ki ọba ní oríkì, inú oríkì náà ni wọ́n sì ti máa ń rí àyè fi ìbáwí sí, nítorí pé oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan: bí ó ṣe ń rántí ogun tí baba ńlá ọba ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rántí ìkà tí ó ṣe. Ìjòyè tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba lè di ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀kọrin kì í dì í, nítorí ohun tí ará ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀ ló gbé wá sí etí ọba, ọba tó bá sì pa á ti di ara rẹ̀ létí. Orí ọ̀kọrin ni òwe náà dáàbò bò. Kò sọ pé kí ọba má fèsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí ẹni tó ń gbọ́ orin má sọ pé orin náà ṣi ẹni mú. Ayàwòrán tó bá fi òwe yìí pa òǹkàwé lẹ́nu mọ́ ti gbé e kọjá ibi tó mọ, nítorí òǹkàwé kì í ṣe ọba.

Àṣà ẹ̀fẹ̀ pàápàá kò dá olórin sílẹ̀ láìbi í léèrè. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti láàárín àwọn Ọ̀họ̀rí, ní òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn eégún olórin òru náà, a máa jáde sí àárín ọjà láti kọrin bú àwọn tó hùwà àìtọ́, ìbáà ṣe olówó tàbí alágbára. Kí ó tó bú ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ júbà fún àwọn òrìṣà, fún àwọn ìyá wa tó ni òru, àti fún àwọn àgbà. Ìjúbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń jẹ́ kí ìlú mọ̀ pé olórin mọ̀ pé agbára tí òun ń lò kì í ṣe tòun nìkan. Ti ọdún Òkè’Bàdàn ní Ìbàdàn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí lọ́jọ́ ọdún náà orin kì í fi ohun ìtìjú pamọ́, ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọdọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni lọ́dún, ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jáde lójoojúmọ́ kò sì lè gba àyè ọjọ́ kan yẹn fún gbogbo ọdún.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kejì ọdún 1826. Aláàfin Májọ̀tu ní kí àwọn eléégún alárìnjó ṣeré fún Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń rìnrìn àjò lọ sí òkè ọya, àti Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀. Láàárín eré, eégún kan yọ tó jẹ́ òyìnbó funfun: ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn èrò ń yíjú sí àlejò náà, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó dáadáa. Nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1829, Clapperton sọ pé òun ṣe bí ẹni tí inú òun dùn tó tiwọn, ó sì gbà pé ẹni tó ń sín òun jẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, àlejò ni, ọ̀nà tí yóò gbà kọjá sì wà lọ́wọ́ Aláàfin, nítorí náà kò ní ohun púpọ̀ tó lè ṣe ju kí ó rẹ́rìn-ín lọ. Síbẹ̀ ó yà á sọ́tọ̀ pé eré náà dára, pé inú òun kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ni òǹkàwé wa náà ṣe nígbà tí ó gbà pé ẹ̀sùn owó ìfẹ̀yìntì tọ̀nà kí ó tó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Nípa ẹsẹ̀ yìí, n kò ní tan yín pé ọwọ́ àṣà mọ́ pátápátá, nítorí àwọn alárìnjó a máa fi abuké àti arọ ṣeré. Ṣùgbọ́n abuké inú eré kì í ṣe lágbájá kan tí wọ́n nawọ́ sí. Bí ó bá di ti ẹni kan pàtó, òfin mìíràn ló wà: a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ohun tí Ọbàtálá mọ báyìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ni ín, àwọn bàbá wa sì ń pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Ikùn tí gómìnà fi owó ìlú bọ́ ni ayàwòrán lè fẹ̀ títí yóò fi kún ojú ìwé, torí gómìnà fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ yàtọ̀. Níbí òǹkàwé jàre, mo sì rò pé àwòrán náà ìbá tún mú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, nítorí ojú àwọn èèyàn ìbá dúró sórí àwọn arúgbó tó wà lábẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ibi tó ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní 1964, Hubert Ògúnǹdé, gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé, ṣe eré “Yorùbá Ronú” ní Ìbàdàn, níwájú àwọn olóṣèlú tó ń bá wí, níbi àpéjọ ẹgbẹ́ kan tó wà lẹ́yìn Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà nígbà náà, ẹgbẹ́ náà gan-an ló sì pè é wá. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò fèsì. Òfin ni wọ́n fi dè é pé kó má ṣeré mọ́ ní agbègbè náà, òfin yẹn kò sì kúrò títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966. Ògúnǹdé ní tirẹ̀ fi eré mìíràn fèsì, ó pè é ní “Òtítọ́ Korò”. Irú ohun tí ìjọba ṣe yẹn gan-an ni òwe náà ń kọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Kí òǹkàwé náà bẹ olóòtú pé kó tẹ lẹ́tà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán yẹn, kí ayàwòrán má sì ṣe kọ̀ ọ́, nítorí lẹ́tà náà wà lábẹ́ ààbò kan náà tí ó ń tọrọ fún àwòrán rẹ̀.